Tírélà Nàìjíríà, tírélà Kútọnu, àbí ká tú ẹrù ní bọ́dà? Ẹ wo èyí tó yẹ ẹrù yín

Ojoojúmọ́ ni fóònù mi ń dún, láti Iléṣà títí dé Ifẹ̀, ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bèèrè kì í yí padà: "Bọ̀ọ̀dá, èló ni tírélà lọ sí Kútọnu báyìí?" Iṣẹ́ mi ni, mo máa ń bá àwọn oníṣòwò wá ọkọ̀ tó máa gbé ẹrù wọn kọjá bọ́dà, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, mi ò sì lè bínú sẹ́ni tó bá bèèrè owó torí owó ni òwò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣíwájú owó: nọ́ńbà ìlú wo ló wà nídìí ọkọ̀ yẹn? Nọ́ńbà yẹn ló máa sọ ìwé tí wọ́n máa bèèrè lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà, òun ló máa sọ ẹni tó máa dúró fún yín tí wàhálà bá dé, òun ló máa sọ iye ọjọ́ tí ọkọ̀ náà lè lò nílẹ̀ onílẹ̀, òun náà ló sì máa sọ bóyá ó máa rí ẹrù gbé bọ̀ àbí òfìfo ló máa padà, tẹ́ ẹ bá sì rò ó dáadáa, ibẹ̀ yẹn gan-an lowó yín ti ń jáde.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ lè fi tírélà tó ní nọ́ńbà Nàìjíríà gbé e láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín títí dé ọ̀hún. Ẹ lè wá tírélà tó ní nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ tàbí ti Tógò, tó gbé ẹrù wá síbí, tó ń padà lọ sílé. Ẹ sì lè fi ọkọ̀ ibí gbé e dé bọ́dà, kẹ́ ẹ tú u síbẹ̀, kí ọkọ̀ tọ̀hún wá gbé e lọ. Mo ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ti jèrè nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì ti fẹnu ara mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ oníbàárà nínú méjì.

Èlùbọ́ tó bu

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó dùn mí jù. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà Atákúnmọ́sà gbé ẹrù lé mi lọ́wọ́, èlùbọ́ tó kún ọkọ̀ kan, Àjàṣẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀ (Porto-Novo) ló ń lọ, àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ ló ní kí wọ́n kó o wá. Mo bá wọn wá tírélà Nàìjíríà. Ẹ́jẹ̀ǹtì kan sọ fún mi pé gbogbo pátíkúlà ọkọ̀ ló pé, èmi náà wo ìwé náà, mo rí láísẹ́ǹsì, mo rí ìnṣọ́ránsì, mo rí ródìwọ́dì, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ní apá Nàìjíríà wọ́n jẹ́ ká kọjá. Ìgbà tá a dé òdìkejì ni ọ̀gá kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù na ọwọ́, ó ní "carte brune dà?" Dẹ́rẹ́bà wo ojú mi, èmi náà wo ojú ẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń bèèrè nínú àwa méjèèjì.

Ọjọ́ mẹ́rin la lò níbẹ̀ ká tó rí káàdì yẹn gbà. Lọ́jọ́ kejì òjò dé. Tapólì tó bo ẹrù ní ihò kan tí ò tó àtàńpàkò, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí okùn ti gbà kọjá, ihò yẹn lomi ń gbà wọlé ní kíkán kíkán, ó ń kán sórí àpò kan, láti orí àpò yẹn ó ń rọra ṣàn wọ ti ìsàlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ torí látòkè gbogbo ẹ̀ gbẹ. Nígbà tá a máa tú ẹrù l'Ájàṣẹ́, mo fọwọ́ kan àpò tó wà láàárín, ó gbóná bí ọrùn ọmọ tí ibà ń ṣe. A tú u, èlùbọ́ ti lẹ̀ mọ́ra bí òkúta, ó ti hu irun rírẹ́súrẹ́sú kan tó rí bí èyí tó máa ń hù lára ògiri ilé tí òjò ń pa. Ìyá yẹn ò bú mi. Wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n gbé e símú, wọ́n ní "Ọmọ mi, ó ti bu." Oṣù mẹ́jọ ni mo fi san owó yẹn fún wọn, díẹ̀díẹ̀.

Látìgbà yẹn, kò sí ẹni tó máa sọ fún mi pé "pátíkúlà pé" tí mi ò ní bi í pé: ó pé fún ìlú wo?

Ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ní Kútọnu

ECOWAS ni ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 1975. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1982, ní Kútọnu, àwọn olórí ibẹ̀ fọwọ́ sí àwọn ìwé tá a ṣì ń jẹ nínú ẹ̀ títí dòní. Ọ̀kan jẹ́ ti ọkọ̀ tó ń rìn láàárín orílẹ̀-èdè wọn: ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ìforúkọsílẹ̀ nílùú tiẹ̀, kí ẹni tó ni ín jẹ́ ẹni tí ìjọba ìlú ẹ̀ mọ̀ sí onímọ́tò ẹrù, kí wọ́n ti yẹ ọkọ̀ náà wò pé ara ẹ̀ le, kó sì gba ojú ọ̀nà tí wọ́n yàn. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹrù tó kàn ń gba ilẹ̀ ìlú kan kọjá lọ sí ìlú mìíràn. Ọ̀kan sì jẹ́ ti káàdì búráùn, ìyẹn carte brune tí ọ̀gá yẹn ń bèèrè.

Káàdì búráùn yìí, ẹ fetí sí i dáadáa. Ìnṣọ́ránsì tẹ́ad pátì (third party, èyí tó ń san fún ẹni tí ọkọ̀ bá ṣe léṣe) tẹ́ ẹ rà níbí, ní bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ ló ti kú. Tí dẹ́rẹ́bà bá kọlu ọlọ́kadà kan ní Lomé, ìwé Nàìjíríà yẹn ò já mọ́ nǹkan kan lọ́wọ́ ọlọ́pàá Tógò. Káàdì búráùn ló ń sọ pé àwọn tó ń bójú tó káàdì náà ní Tógò ló máa dá sí ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n á san án bí òfin Tógò ṣe wí, wọ́n á wá gba owó wọn padà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Nàìjíríà. Iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tẹ́ ẹ ti ra tẹ́ad pátì náà lẹ ti máa bèèrè ẹ̀. Káàdì náà kì í dá dúró, lórí ìnṣọ́ránsì ilé ló ń gùn, tí ọjọ́ ti ilé bá ti pé, òun náà ti lọ.

Ẹ tún fi ti ìwọ̀n sọ́kàn. Lọ́dún 2012 ECOWAS fẹnu kò lórí ìwọ̀n kan fún gbogbo ìlú: tọ́ọ̀nù 11.5 lórí ásù (irin tó so táyà ọ̀tún àti tòsì pọ̀) kan ṣoṣo, ọkọ̀ tó bá sì wúwo jù lọ, tòun ti ẹrù, kò gbọ́dọ̀ kọjá tọ́ọ̀nù 51. Èyí kan ọkọ̀ Nàìjíríà, ó kan ti Bẹ̀nẹ̀. Àwọn dẹ́rẹ́bà wa tó mọ́ lára láti máa dì í gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ sí Kánò, ẹ sọ fún wọn pé wọ́n ń wọn ọkọ̀ níwájú, ẹni tó bá sì kọjá ìwọ̀n, àárín títì ló ti máa tú ẹrù ẹlẹ́rù sílẹ̀.

Tírélà tó ní nọ́ńbà Nàìjíríà

Ohun tó dáa nínú ẹ̀ ni pé ẹ mọ ilé ẹni tó ni ín. Tí ọ̀rọ̀ bá wọ́, ẹ lè lọ jókòó sí pálọ̀ ẹ̀ ní Ìsọ̀kun n'Íléṣà tàbí ní Lágere n'Ífẹ̀, kẹ́ ẹ má dìde. Ẹrù ò sì ní kúrò nínú ọkọ̀ títí á fi débi tó ń lọ, ẹnì kan ṣoṣo ló máa dáhùn fún un.

Àwọ̀ lẹ́tà ara nọ́ńbà lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ọkọ̀ tó ń gbowó gbé ẹrù, lẹ́tà pupa ló yẹ kó ní, búlúù jẹ́ ti ọkọ̀ àdáni. Mo ti rí ọkọ̀ ńlá tó ní lẹ́tà búlúù torí pé ẹrù iléeṣẹ́ ara ẹ̀ nìkan ló ń gbé, ìyẹn ò burú, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé e wá pé kó bá yín gbé èlùbọ́ lọ sí Bẹ̀nẹ̀, ẹ má gbà.

Irú ìnṣọ́ránsì tó ní ló kàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù ara ẹ̀ ń san ₦20,000 fún tẹ́ad pátì, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù ará ìlú ń san ₦100,000. Ẹ rí i pé àlàfo àárín wọn pọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń lọ ra ti ogún ẹgbẹ̀rún, bẹ́ẹ̀ ẹrù ẹlòmíì ni wọ́n ń gbé látàárọ̀ dalẹ́. Tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ohun tí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé ta ló ni ẹrù tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Káàdì búráùn tó bá sì gun orí irú ìnṣọ́ránsì bẹ́ẹ̀, orí irọ́ ló gùn. Ẹ ní kí wọ́n mú sátífíkéètì náà wá, kẹ́ ẹ ka ibi tí wọ́n kọ irú iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe sí, kẹ́ ẹ kà á fúnra yín.

Dẹ́rẹ́bà ńkọ́? Láísẹ́ǹsì ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kíláàsì G tó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ní orí lọ́tọ̀ tó ní ìrù lọ́tọ̀ ni. Kó ní páásípọ́ọ̀tù tàbí káàdì ìdánimọ̀ ECOWAS, kó sì ní yẹ́lò káàdì ti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Mótò bọ́ì náà ń kọ́? Èèyàn lòun náà, ìwé tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ọmọ kékeré ni.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń dunni ni ìpadàbọ̀. Tírélà wa tó bá gbé ẹrù dé Kútọnu lè gbé ẹrù tó ń bọ̀ ní Nàìjíríà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ńbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbé ẹrù láti Kútọnu lọ sí Parakou, torí iṣẹ́ abẹ́lé àwọn onílẹ̀ nìyẹn. Tí kò bá wá rí ẹrù tó ń bọ̀ wálé, òfìfo ló máa bọ̀, ẹ̀yin lẹ sì máa san owó òfìfo yẹn, ó ti wà nínú iye tí wọ́n dá fún yín kẹ́ ẹ tó kúrò ní Iléṣà.

Ohun míì tí mi ò lè gbàgbé ni ọdún 2019. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni Nàìjíríà ti bọ́dà ilẹ̀ pa, ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀ àti mẹ́ta míì, Ìdíìrókò dúró di oṣù kẹrin 2022. Ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ wà lódìkejì lọ́jọ́ tí wọ́n tì í, ó kọ́ ẹ̀kọ́ tí mi ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yín tún kọ́. Ẹ bi onímọ́tò léèrè kẹ́ ẹ tó sanwó: tí wọ́n bá ti bọ́dà pa lálẹ́ òní, ta ló máa bọ́ dẹ́rẹ́bà, ta ló sì máa san owó ọjọ́? Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Tírélà tó ní nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò

Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún ẹrù tó ń lọ sí Bẹ̀nẹ̀ nìkan, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sá fún un. Wọ́n ní "èèyàn ò mọ̀ wọ́n." Òótọ́ ni, ẹ ò mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó gbé ẹrù wá sí Nàìjíríà, tó ti gba owó ìrìn àjò àlọ, ilé ló ń lọ báyìí, yálà ó rí yín tàbí kò rí yín, nítorí náà owó tó máa gbà lọ́wọ́ yín máa ń rọ̀. Dẹ́rẹ́bà ẹ̀ mọ ojú ọ̀nà ibẹ̀, ó mọ èdè Faransé, ó mọ Ègùn, ọ̀pọ̀ wọn sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ wa míì lọ, torí ará Kétu àti Sakété pọ̀ nínú wọn. Tó bá dé ilẹ̀ wọn, ọmọ onílẹ̀ ló wọlé, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè káàdì búráùn lọ́hùn-ún.

Níbí ló ti nílò ẹ̀. Ìyẹn lèèyàn máa ń gbàgbé. Ọkọ̀ Bẹ̀nẹ̀ tó ń rìn láàárín Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, àwa ni ilẹ̀ àjèjì fún un, tó bá kọlu ẹnìkan, káàdì búráùn tí wọ́n fún un ní Kútọnu ni ìdílé ẹni yẹn máa fi gba owó. Ẹ bèèrè rẹ̀ kẹ́ ẹ tó di ẹrù sí i. Ẹ bèèrè carte grise, ìyẹn ìwé tó sọ ẹni tó ni ọkọ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ló wà nídìí ọkọ̀, orí ọkọ̀ lọ́tọ̀ ìrù lọ́tọ̀ o, torí ìrù náà máa ń ní nọ́ńbà tiẹ̀. Ẹ bèèrè visite technique, tó dà bí ródìwọ́dì tiwa, kẹ́ ẹ wo déètì ẹ̀.

Ìwé tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ̀ ni èyí tí kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà fún un nígbà tó wọlé. Àlejò ni ọkọ̀ yẹn, kọ́sítọ́ọ̀mù gbà á láyè fúngbà díẹ̀ ni, wọn ò gba owó orí ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ torí wọ́n gbà pé ó máa jáde. Déètì wà lórí ìwé yẹn. Ẹ ka ọjọ́ tó kù, kẹ́ ẹ wá ka ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fi kó ẹrù jọ, torí mo ti rí oníṣòwò kan ní Ifẹ̀ tó dá ọkọ̀ Bẹ̀nẹ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko pé òun ń retí ọṣẹ dúdú láti Ọ̀yọ́, nígbà tí wọ́n fi máa dé bọ́dà ọjọ́ ọkọ̀ ti pé, ọ̀rọ̀ ẹrù wá di ọ̀rọ̀ ọkọ̀, wọ́n gbá ọkọ̀ mú, ẹrù sì wà nínú ẹ̀.

Ẹ má sì fi ọkọ̀ àlejò gbé ẹrù abẹ́lé. Kò gbọ́dọ̀ gbé pákó láti Ifẹ̀ lọ sí Ìbàdàn lójú ọ̀nà kó tó wá gbé tiyín, kó ní òun fẹ́ fi rí owó epo. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 lórí ìrìn àjò àwọn èèyàn sọ ọ́ kedere fún ọkọ̀ èrò pé ọjọ́ 15 ni, wọn ò sì gbọ́dọ̀ ṣòwò kankan nílẹ̀ onílẹ̀ láàárín ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ àdáni ló ní 90. Ọkọ̀ ẹrù náà, ohun tó gbé wọlé àti ohun tó ń gbé jáde ni ẹ̀tọ́ ẹ̀, nǹkan tó ń lọ láti ìgboro kan sí ìgboro kejì nínú Nàìjíríà kì í ṣe tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ torí àwọn ọ̀dọ́ tó ń bi mí. "Bọ̀ọ̀dá, ṣé mi ò lè ra tírélà ní Kútọnu, kí n fi nọ́ńbà ibẹ̀ sílẹ̀ lára ẹ̀, kí n máa fi ṣiṣẹ́ n'Íléṣà?" Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti bọ́dà ilẹ̀, tuntun àti tòkúnbọ̀, orí omi nìkan ló kù. Ọkọ̀ tó ní nọ́ńbà àlejò, tó wá ń sùn n'Íléṣà lálaalẹ́, tí ọmọ Iléṣà sì ni ín, kọ́sítọ́ọ̀mù ò ní pè é ní àlejò, fàyàwọ́ ni wọ́n máa pè é. Owó tẹ́ ẹ rò pé ẹ dín kù nígbà tẹ́ ẹ rà á, ọjọ́ kan ṣoṣo ló máa bá ọkọ̀ lọ.

Ká tú ẹrù ní bọ́dà

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Ọkọ̀ Nàìjíríà dé bọ́dà, ó dúró, ọkọ̀ Bẹ̀nẹ̀ fìdí kàn án, àwọn alábàárù gbé ẹrù láti inú ọ̀kan sí èkejì. Ọkọ̀ kankan ò kọjá, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ káàdì búráùn, kò sí ọjọ́ àlejò, kò sí mótò bọ́ì tó ń wá yẹ́lò káàdì. Ìwé ẹrù nìkan ló kù. Ó dáa fún ẹrù tí ò kún ọkọ̀, ó dáa fún ẹni tó ní oníbàárà tó lè wá gba ẹrù fúnra ẹ̀ ní bọ́dà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gbé ẹrù yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ṣubú. Jálá epo tó ń jò kì í pẹ́ fara hàn, àpò gààrí tí ìkọ́ ya náà kì í pẹ́. Owó alábàárù wà, owó ilẹ̀ wà, tí ọkọ̀ kejì bá sì pẹ́, owó stóò wà. Ohun tó burú jù ni pé tí ẹrù bá dín, ẹni àkọ́kọ́ á ní ó pé nígbà tóun tú u, ẹni kejì á ní bó ṣe rí lòun gbà á. Tẹ́ ẹ bá máa ṣe é, ẹnì kan tẹ́ ẹ fọkàn tán gbọ́dọ̀ dúró sí àárín ọkọ̀ méjèèjì, kó máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára àpò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí dẹ́rẹ́bà méjèèjì fọwọ́ sí wébìlì (ìwé tí wọ́n kọ iye ẹrù sí) kan náà kí ẹnikẹ́ni tó tan íńjìnnì.

Ibi tó ń lọ ló máa yàn fún yín

Tó bá jẹ́ Bẹ̀nẹ̀ nìkan, yálà Àjàṣẹ́, Kútọnu tàbí Sakété, tí ẹrù sì kún ọkọ̀, ẹ wá ọkọ̀ Bẹ̀nẹ̀ tó ń padà lọ. Tí ẹrù ò bá kún ọkọ̀, ẹ tú u ní bọ́dà. Ohun tí èmi máa ṣe tó bá jẹ́ owó mi nìyẹn.

Tógò àti Gánà yàtọ̀. Ẹrù Lomé gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kọjá, ti Accra gbọ́dọ̀ gba Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, àwọn méjèèjì yìí ò sì ní jẹ́ kí ẹrù gba ilẹ̀ wọn kọjá lásán, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé kí wọ́n má tà á sójú ọ̀nà láìsan owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Níbí ni àdéhùn ẹrù alákọjá ti ọdún 1982 ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n máa ń fi okùn wáyà gba gbogbo ojú tapólì kọjá, láti ojú kan sí òmíràn yípo ọkọ̀, wọ́n á wá fi síìlì tó ní nọ́ńbà de ìdí wáyà náà. Wọ́n á kọ nọ́ńbà yẹn sínú ìwé, bọ́dà kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá dé, ọ̀gá ibẹ̀ á tẹ̀ síwájú, á fi ìka mú síìlì náà, á ka nọ́ńbà ẹ̀ mọ́ ti inú ìwé. Tó bá já, kódà kó jẹ́ pé gálọ́ọ̀pù ló já a, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé. Onígbọ̀wọ́ sì gbọ́dọ̀ wà tó máa san owó kọ́sítọ́ọ̀mù tí ẹrù bá sọnù sójú ọ̀nà, ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò Chamber of Commerce wọn ló ń ṣe ìyẹn, owó ìgbọ̀wọ́ yẹn máa ń wà nínú ohun tí ẹ́jẹ̀ǹtì ń gbà, ẹ ní kó kọ ọ́ sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ lè rí i.

Nítorí síìlì yìí, títú ẹrù ní bọ́dà ò bá ẹrù Gánà mu. Ẹ fi ọkọ̀ kan ṣoṣo lọ. Tí ẹrù bá níye lórí, ẹ lo tírélà Nàìjíríà tí ẹ mọ ẹni tó ni ín, tí dẹ́rẹ́bà ẹ̀ ti rìn ọ̀nà yẹn rí, kó mú sẹ́fà dání fún Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, kó sì mú sídì dání fún Gánà. Ọkọ̀ Tógò tàbí Gánà tó ń padà lọ sílé náà dáa gan-an tẹ́ ẹ bá rí i, wọn ò kàn pọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa.

Nìjẹ̀r ńkọ́? Àwọn ará Iléṣà tó ń gba ibẹ̀ ò pọ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba níbẹ̀ ní oṣù keje 2023 wọ́n ti bọ́dà pa, Nàìjíríà ṣí tiẹ̀ padà ní oṣù kẹta 2024, ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní 2025 ni Nìjẹ̀r, Málì àti Bùrùkínà jáde nínú ECOWAS. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, ọkọ̀ Kánò tàbí Kàtsínà tó ń rìn ibẹ̀ lójoojúmọ́ ni kó bá ṣe, kó má gbé ọkọ̀ Iléṣà lọ.

Ìwé ẹrù ò mọ nọ́ńbà ọkọ̀

Ọ̀nà yòówù kẹ́ ẹ yàn, ìwé ẹrù ò yí padà. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọjà tó ń jáde nílùú, kẹ́ ẹ gba fọ́ọ̀mù NXP tí wọ́n fi ń kéde ẹrù tó ń jáde ní báǹkì, tó bá jẹ́ nǹkan oko bí èlùbọ́ àti orógbó, ẹ gba ìwé àwọn NAQS, àjọ tó ń yẹ nǹkan oko wò, pé kòkòrò ò sí nínú ẹ̀. Nǹkan oko tí wọn ò tíì sọ di nǹkan míì, àti iṣẹ́ ọwọ́, kì í san owó kọ́sítọ́ọ̀mù láàárín àwọn ìlú ECOWAS tó bá jẹ́ ilẹ̀ wa ló ti wá, kò sì nílò sátífíkéètì tó ń sọ ìlú tí ọjà ti wá. Ọjà iléeṣẹ́ ló nílò ẹ̀.

Ẹ̀yin onípákó ojú ọ̀nà Oǹdó, ẹ má bínú sí mi tí mo bá ní mi ò lè bá yín wá ọkọ̀: igi gẹdú àti pákó tí wọ́n là wà lára ohun tí Nàìjíríà ò gbà kó jáde rárá, àgbàdo náà wà níbẹ̀, irin àlòkù náà wà níbẹ̀. Àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà wà níbẹ̀, ìlú Ifẹ̀ la sì wà, kò sí iye owó tó máa mú mi kó orí amọ̀ tàbí idẹ àwọn baba wa sábẹ́ àpò gààrí.

Kí wọ́n tó di ẹrù

Tí ọkọ̀ bá dé, nọ́ńbà ìlú yòówù kó ní, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gbé àpò kan sí i kí n tó wò ó. Mo máa ka nọ́ńbà orí àti ti ìrù mọ́ inú ìwé. Mo máa ya fọ́tò káàdì búráùn pẹ̀lú déètì ẹ̀, mo máa fi ránṣẹ́ sí oníbàárà tó wà lódìkejì, torí òun ló mọ èyí tí wọ́n ń gbà lọ́dọ̀ wọn. Mo máa bá dẹ́rẹ́bà ka ọjọ́ tó kù fún un tó bá jẹ́ àlejò. Mo máa tẹ táyà, mo máa ka ásù, mo máa ṣírò iye àpò pẹ̀lú ìwọ̀n àpò kan.

Lẹ́yìn náà ni mo máa ní kí wọ́n fi tapólì bo ọkọ̀ náà lófìfo, ní ọ̀sán gangan tí oòrùn wà ní àtàrí, èmi á wọ inú ẹ̀, màá ní kí wọ́n pa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé. Màá dúró sínú òkùnkùn yẹn, màá gbójú sókè, màá máa wò ó láti igun kan dé igun kejì. Tí mo bá rí ìmọ́lẹ̀ tó tó orí abẹ́rẹ́, ọkọ̀ yẹn ò gbé èlùbọ́ ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan.